Abínúaṣọ ní Bódìjà

Ní ilé wa ní Bódìjà, ìtàn òyìnbó kì í di ìtàn títí Màmá Ṣakí yóò fi gbọ́ ọ, tí wọn yóò sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Màmá Ṣakí ni ìyá tó bí ìyá mi. Wọ́n ti Ṣakí wá ní ọdún tí Mọ́mì bí Ìfẹ́, àbúrò wa tó kéré jù, wọ́n ní àwọn wá wẹ ọmọ ni, bí ọmọ bá ti gbó díẹ̀ àwọn yóò padà sílé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín nígbà náà, Kúnlé tó tẹ̀lé mi kò sì tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Ẹni tó wá ń da ọgbọ́n ilé náà rú ni Àǹtí Bùnmi, àbúrò Dádì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú àpótí tó kún fún ìwé àti ẹ̀wù òtútù kan tí kò wúlò fún ohunkóhun ní Ìbàdàn, àfi ká fi bo jẹnẹrétọ̀ nígbà òjò. Wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń gbé. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ti ní kí wọ́n wá máa sọ ìtàn fún àwọn ọmọdé ní ọ̀sán Sátidé. Àǹtí Bùnmi sì ti pinnu pé ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn máa sọ, kì í ṣe èyí tó ní ọmọ ọba àti bàtà dídán, bí kò ṣe àwọn tó ṣókùnkùn, tó ṣàjèjì, tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń tijú láti sọ fún ọmọ wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti sú àwọn ọmọ òde òní. Màmá Ṣakí ní kò tíì sú àwọn o, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wí, àwọn ń gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń dán àwọn ìtàn náà wò lára wa ní fàráńdà, lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán. Ní àkókò yẹn, ẹ̀rọ tó ń la pákó lápá ọjà Bódìjà á ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, ìpè ìrun á máa ti Agbowó wá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Màmá Ṣakí á gbé atẹ ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀, wọ́n á máa ṣa òkúta inú rẹ̀, wọn kò ní gbójú sókè rárá. Àǹtí Bùnmi kọ́kọ́ sọ ti obìnrin kan tó ń gbé inú adágún, tó fi ewé orí omi bora, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tí eyín rẹ̀ sì ṣe àwọ̀ ewé. Ọmọ tó bá sún mọ́ etí omi, yóò fà á wọlé, ó tán. Kúnlé gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Màmá Ṣakí ju òkúta kan sílẹ̀. “Bùnmi, o ní eyín ẹ̀ ṣe àwọ̀ ewé?” “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.” “Kò sí pákò lọ́dọ̀ọ wọn ni?” Àǹtí Bùnmi ní iwin ni, Mà. “Iwin náà ń jẹun, àbí kò jẹun? Ẹni tó ń jẹ odidi ọmọ tí kò fi pákò fọ ẹnu, báwo leyín ẹ̀ ò ṣe ní hu ewé?” Báyìí ni ẹ̀rù obìnrin náà ṣe kúrò lára wa, a wá ń káàánú ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sọ ti ajá dúdú kan tó tóbi tó ọmọ màlúù, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí iná, tó máa ń dá rìn lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́, pé ẹni tó bá rí i kò ní pẹ́ kú. Màmá Ṣakí ní, “Ajá ta ni?” Àǹtí Bùnmi ní kò ní ẹni tó ni ín. “Ebi ló ń pa á nígbà náà. Àwọn tó rí i tí wọ́n kú yẹn, ṣé ẹnìkankan nínú wọn tiẹ̀ ju egungun sí i?” Mo rántí pé Àǹtí Bùnmi pa ìwé wọn dé, wọ́n lọ mu omi.

Ohun mìíràn ni pé ìtàn tí kò bá ti ní orin, ìròyìn ni Màmá Ṣakí kà á sí. Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Bùnmi sọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, Màmá Ṣakí fúnra wọn ló fi orin sí i. Ìtàn náà ni ti ẹ̀dá kúkúrú onírun kan ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń jí ní ìdájí lọ sílé àgbẹ̀ kan, tí yóò gbálẹ̀, pọnmi, fọ abọ́, tí yóò sì parí gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Kò gba owó, kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Búrẹ́dì àti mílíìkì tí wọ́n bá gbé sí ẹ̀bá ààrò nìkan ni yóò jẹ. Ìyàwó àgbẹ̀ náà wò ó lọ́jọ́ kan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rí i pé ìhòòhò ni ẹni tó ń sìn wọ́n wà nínú òtútù, àánú ṣe é, ó rán aṣọ fún un. Ẹ̀dá náà gbé aṣọ náà wọ̀, ó jó yí ilé ìdáná ká, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì padà mọ́ láé. Màmá Ṣakí fi atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. “Wọ́n fún un láṣọ, ó wá bínú lọ?” “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.” “Aṣọ tuntun?” “Tuntun ni, Mà.” “Bóyá kò bá a mu.” “Ó bá a mu, Mà.” Màmá Ṣakí mi orí. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, àwọn kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti Ṣakí títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Abínúaṣọ ni wọ́n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Wọ́n wá dá orin, wọ́n ní kí àwa máa gbè é:

Ta ló gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́?
Gbálẹ̀ máa lọ.
Ta ló pọnmi kí àkùkọ tó kọ?
Gbálẹ̀ máa lọ.
Onílé, má yọjú wò mí o.
Gbálẹ̀ máa lọ.

A kọ orin yìí títí Dádì fi ní kí a jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Abínúaṣọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ìtọ̀ gbọ̀n mí jí, mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, mo sì gbọ́ ṣàà, ṣàà, ṣàà ní àgbàlá. Mo yọjú. Màmá Ṣakí ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìró àdìrẹ wọn àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ró mọ́ àyà, wọ́n ń gbálẹ̀ láìtan iná. Àwọn dúrọ́ọ̀mù omi ti kún. Aṣọ Ìfẹ́ ti wà lórí okùn. Ata ti wà ní lílọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Mọ́mì ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá ti jẹ́ kí n bá yín ṣe é,” Màmá Ṣakí ní, “Iṣẹ́ wo? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan.” Wọ́n wá lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ inú mílíìkì. Mo wò wọ́n dáadáa. Wọ́n kúrú. Irun funfun díẹ̀ sì wà ní àgbọ̀n wọn. Mo fa Kúnlé sẹ́yìn kànga, mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó ronú díẹ̀, ó ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ẹ̀rín máa ń pa mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an nígbà náà. Gbogbo ọmọ kíláàsì wa ló ní ìyá àgbà, kò sí ẹni tó ní irú tiwa.

Ìdùnnú náà kò tọ́jọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí Mọ́mì ń bá Dádì sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Mọ́mì ní, “Mo ti ra aṣọ Màmá. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba aṣọ yìí, wọ́n á lọ nìyẹn.” Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ ohun tí Mọ́mì ń sọ: ìyá tó wá wẹ ọmọ, a kì í dá a padà lọ́wọ́ òfo, aṣọ ni a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá ti gbà á, àlọ dé. Èmi kò mọ àṣà kankan. Abínúaṣọ ni mo mọ̀. Màmá Ṣakí ló ń fi òróró pa ẹsẹ̀ mi tí mo bá ṣubú, àwọn ló ń tọ́jú èèpá mọ́ínmọ́ín fún mi, àwọn nìkan ni wọ́n máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè mi láìsọ pé kí n jẹ́ kí etí àwọn sinmi. Bí wọ́n bá lọ, ilé yẹn á kàn jẹ́ ilé tí gbogbo èèyàn ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Màmá Ṣakí á bọ́ bàtà wọn, wọ́n á béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ara télọ̀ yẹn le?” Mọ́mì á ní ara rẹ̀ le, Mà, ó ní ọrùn bùbá ló kù. Télọ̀ náà, ní Mọ́kọ́lá ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀rọ rẹ̀ bà jẹ́. Lọ́sẹ̀ mìíràn, kò sí iná. Lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ bímọ. Màmá Ṣakí ní kí Ọlọ́run wo ọmọ náà, wọ́n sì fi télọ̀ àti ilé rẹ̀ kún àdúrà àárọ̀ wa, àwa ọmọ ń ṣe àmín sí i. Ó tó ìgbà tí mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àgbàlagbà kì í sọ pé òun fẹ́ relé lójú ọmọ rẹ̀ tó ṣì nílò òun. Ara télọ̀ ló máa ń béèrè.

Èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé télọ̀ kankan, nítorí pé ọrùn kan kò le kó má parí lọ́jọ́ kan. Nígbà tí Mọ́mì lọ síbi iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, mo wọ yàrá wọn, kí n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbé aṣọ náà sí tó bá dé. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ náà ti wà níbẹ̀, nínú ọ̀rá, ní abẹ́ àwọn aṣọ Mọ́mì: léèsì aláwọ̀ òféfèé, ìró, bùbá àti gèlè. Mo yẹ bùbá náà wò. Ọrùn wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, ṣùgbọ́n n kò dúró rò ó. Mo gbé aṣọ náà lọ sí sítọ́ọ̀, mo tì í sínú kúlà pupa ńlá tí a kì í lò àfi nígbà ọdún, mo dé e, mo sì gbé gárawà lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì, mo rí Mọ́mì tí wọ́n kúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń tú u bí adìẹ tó ń tú ààtàn. Wọ́n pè mí. “Mojí, ṣé o wọ yàrá mi?” Mo ní, “Kí ló sọnù, Mà?” Mọ́mì la ẹnu. Màmá Ṣakí sì ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Ìfẹ́ lẹ́yìn wọn. Mọ́mì pa ẹnu dé. Wọ́n ní, “Kò sí nǹkan kan.” Báwo ni aṣọ tó wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá ṣe máa sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Bódìjà?

Bẹ́ẹ̀ la wà títí ọdún Àjíǹde fi dé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ Dádì ní Olúyọ̀lé ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa, Mọ́mì ń se ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá, Àǹtí Bùnmi ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni ń ṣe é fún ìdánwò. Mọ́mì ní kí n lọ gbé kúlà wá. Mo ní ó wúwo. Màmá Ṣakí ní kí n fi í sílẹ̀, àwọn á gbé e, àwọn á tiẹ̀ bá wa fọ̀ ọ́. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, wọ́n ti gbé e dé àárín ilé ìdáná, wọ́n ti ṣí i. Wọ́n wo inú rẹ̀. “Ẹ̀yin ará ilé yìí,” Màmá Ṣakí ní, “ṣé léèsì la máa jẹ lọ́dún yìí ni?” Wọ́n tú ìró, wọ́n fi wọn ara wọn. Wọ́n gbé bùbá sókè, wọ́n wo ọrùn rẹ̀. Wọ́n wá wo Mọ́mì. “Télọ̀ ti parí. Ṣé inú kúlà ló wá ń ránṣọ ni?” Mọ́mì wò mí, èmi náà wo Mọ́mì. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn gan-an ti ń fi í pamọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá Ṣakí mú gèlè, wọ́n gbé e lé orí. Mo pariwo pé, “Ẹ má gbà á, Mà,” mo dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, mo sì bú sẹ́kún. Wọ́n bi mí kí ló dé, ẹkún ni mo ń sun ṣáá. Kúnlé ló bá mi dáhùn, ó ní, “Ó ní ẹ̀yin ni Abínúaṣọ, pé tẹ́ ẹ bá gba aṣọ ẹ máa lọ, ẹ ò ní padà wá mọ́.” Dádì kọjú sógiri, mo rí i tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Màmá Ṣakí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí odó. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní, “Bùnmi, wá jẹ́jọ́ ìtàn rẹ. Èèyàn kì í ṣàdédé máa gbálẹ̀ ilé onílé láìgbowó. Kí ló ṣe ẹ̀dá yẹn?” Àǹtí Bùnmi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́, àwọn fò ó ni nítorí àwọn ọmọ. “Sọ ọ́,” Màmá Ṣakí ní. “Ọmọ tó ti ń jí aṣọ gbé ti tó o gbọ́.”

Àǹtí Bùnmi wá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Kì í ṣe iwin ni ẹ̀dá náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ó sùn gbàgbé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ tó fẹ́ rin ìrìn àjò bínú, ó lù ú, ọmọ náà kú. Wọ́n ju òkú rẹ̀ sínú kànga. Láti ìgbà náà ló ti ń jí dìde ní ìdájí wá ṣiṣẹ́ ilé náà, ọdún ń gorí ọdún, nítorí pé kò sí ẹni tó tíì sọ fún un pé kó lọ sinmi. Ọjọ́ tí wọ́n fún un láṣọ ló tó rí ibi sinmi. Kúnlé yọjú wo kànga wa lójú fèrèsé. Màmá Ṣakí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n tú gèlè náà kúrò lórí, wọ́n ká a sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ nà án. “Ẹ ò rí i,” wọ́n ní. “Kò bínú. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọ yẹn kàn ń retí kí ẹnìkan sọ fún un pé ó tó.” Mọ́mì fi ṣíbí ìrẹsì sílẹ̀. Wọ́n wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá wọn lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, pẹ̀lú èéfín lójú, wọ́n ní, “Màmá, ẹ ṣeun. Ó tó.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìyá mi tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ ẹnìkan. Màmá Ṣakí gbá wọn lórí pẹ̀pẹ̀. “Dìde, kí ìrẹsì má baà jóná. Èmi ò kú o, ẹ yéé wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Òrùlé mi ń jò, mo sì fẹ́ lọ wò ó kí òjò tó dé ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.”

Wọ́n lọ lọ́sẹ̀ náà. A sìn wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ Ṣakí ti ń gbérò ní Sángo, wọ́n wọ léèsì náà tòun ti gèlè, wọ́n ń kí gbogbo èèyàn bí ẹni ń lọ jẹ oyè. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n tú àpò, wọ́n mú ìró àdìrẹ tí wọ́n máa ń ró gbálẹ̀ jáde, wọ́n nà án sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Mo ní, “Tí mo bá gbà á, ṣé èmi náà máa lọ ni?” Wọ́n wò mí, wọn kò fi ṣeré. “Wàá lọ,” wọ́n ní. “Àmọ́ kì í ṣe lónìí. Gbà.” Mo gbà á. Àǹtí Bùnmi sọ ìtàn náà lórí rédíò ní Sátidé kan, pẹ̀lú orin àti kànga, gbogbo ọmọ Agbowó sì ń kọ Gbálẹ̀ máa lọ. Màmá Ṣakí gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, wọ́n rán awakọ̀ sí wa: ó dára, ṣùgbọ́n Bùnmi kò sọ bóyá wọ́n yọ ọmọ náà nínú kànga kí wọ́n sin ín. Àǹtí Bùnmi kùn fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n sin ín lórí afẹ́fẹ́.

Èmi ni mo ń sọ àwọn ìtàn náà báyìí. Nínú yàrá kan ní ilé wa ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń gbà wọ́n sílẹ̀ sórí fóònù, àwọn òbí sì ń fi wọ́n pa ẹnu ọmọ wọn mọ́ nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ òde òní kì í bẹ̀rù, ìbéèrè ni wọ́n ń bi mí bíi ti Màmá Ṣakí. Ọ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mú ọ̀gá ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti fi í kún un. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, tí ara mi kò tètè bọ̀ sípò, Mọ́mì ti Bódìjà wá wẹ ọmọ. Wọ́n ti darúgbó, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ n kì í gbọ́ ìgbà tí wọ́n ń jí. Bí mo bá yọjú, ilẹ̀ fàráńdà ti mọ́, wọ́n á sì ti wà lórí àga pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì. Mo ra aṣọ fún wọn, mo gbé e fún télọ̀, ó rán an tán, mo sì tì í sínú kúlà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní, “Mojí, ara télọ̀ yẹn le?” Mo ní ara rẹ̀ le, Mà, ó ní ọrùn ló kù. Mọ́mì rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n wo ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ mi tí kúlà wà lẹ́yìn rẹ̀. “Bá mi kí i,” wọ́n ní. “Sọ fún un pé òrùlé tèmi náà ti ń jò.”

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ jí. Mo ró ìró àdìrẹ náà mọ́ àyà, mo gbálẹ̀ fàráńdà láìtan iná, mo fọ abọ́, mo gbé búrẹ́dì àti mílíìkì sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí sítọ́ọ̀, mo ṣí kúlà.